Abọ́ Ọlọ́mọrí Bàbá

Ọgọ́ta ẹyin wà nínú àpótí tí Oyin kàn fún ìyá rẹ̀, Christiana, ní Ìkòrò, kí àpótí náà lè máa bá àgbébọ̀ sàba. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí àwọn ẹyin náà pa ọmọ. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ ooru inú àpótí náà ti ṣàdédé gbàgbé iye ooru lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí. Bí ẹyin bá tutù tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ọmọ inú wọn á kú.

"Àgbébọ̀ kì í gbàgbé," ni Christiana wí, ó ń fi aṣọ òtútù bo àpótí.

"Màámi, àgbébọ̀ kì í lo kọ̀ǹpáílà."

"Ìyẹn ló ṣe gbọ́n jù ọ́ lọ."

Kọ̀ǹpáílà ló ń sọ ohun tí Oyin kọ di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Bí Oyin bá ní kí kọ̀ǹpáílà gé iṣẹ́ náà kúrú, iye ooru á dàrú. Bí kò bá gé e, iṣẹ́ náà kò ní í gba inú ẹ̀rọ. Láti òwúrọ̀ ni Oyin ti ń wá àṣìṣe náà.

Lọ́sàn-án, bàbá Oyin ti oko Ìlogbò dé. Ó fọwọ́, ó ṣí abọ́ ọlọ́mọrí rẹ̀. Eegun ẹja ló bá níbẹ̀.

"Ta ló jẹ iyán mi?"

Ládélé, ẹ̀gbọ́n Oyin, dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, mo rò pé ẹ ò ní í jẹun nílé mọ́ ni."

"Ó rò!" Christiana pariwo. "Ṣé bàbá rẹ sọ fún ọ pé òun ò bọ̀?" Ó bu ìdajì iyán tirẹ̀ fún ọkọ rẹ̀.

Oyin ń rẹ́rìn-ín, àfi bí àṣìṣe tó ń wá ṣe sọ sí i lọ́kàn. Inú àyè tó dà bí abọ́ tí a tò léra ni iye kọ̀ọ̀kan ń jókòó sí nínú ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpáílà rí i pé ó pẹ́ tí wọ́n ti béèrè iye ooru, ló bá gbé abọ́ rẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni abọ́ ṣì ń bọ̀.

Ó ṣí kọ̀ǹpáílà fúnra rẹ̀, ó kọ òfin kan sí i: bí ẹnì kan bá ṣì mọ ọ̀nà abọ́ yìí, má fi tọrẹ. Ó tún gé iṣẹ́ náà kúrú, ó gbé e sínú ẹ̀rọ. Ooru kò yẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní ọjọ́ kẹta, Christiana ké sí i. "Oyin, wá gbọ́."

Wọ́n fetí lé àpótí. Ohùn tín-ín-rín ń dún nínú èèpo ẹyin.

Bàbá dìde, ó jáde. Nígbà tó padà dé, àgbàdo tó lọ̀ kúnná fún àwọn òròmọdìẹ ló gbé dání, nínú abọ́ ọlọ́mọrí rẹ̀.