Oògùn Tí Dókítà Yàn fún Bàbá Rẹ̀

Ẹnu dùn ún ròfọ́, ẹ ò rí i? Dókítà yìí mọ ọ̀rọ̀ sọ jọjọ. Gbogbo ẹni tó bá gbé ẹbí rẹ̀ tí kò lè mí wá sí yàrá pàjáwìrì, ohun kan náà ló máa ń sọ fún un: "A ní láti fi oògùn kun aláìsàn lóorun ká tó ki rọ́bà sí i lọ́fun kó lè mí. Oríṣi méjì ni oògùn náà, onídèérí funfun àti onídèérí pupa. Àwọn méjèèjì ló dára. A ò tíì mọ èyí tó sàn jù, ìyẹn la ṣe ń dán wọn wò." Nínú àwọn páálí tí wọ́n lẹ̀ pa sórí pẹpẹ, èyí tó bá wà lókè ni nọ́ọ̀sì máa ń mú. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣà á. Dókítà fúnra rẹ̀ ló ṣòfin ọ̀hún.

Láàárọ̀ ló sọ ọ́ fún ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ já bọ́ látorí àkàbà. Ìyá náà ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, Dókítà. Ẹ ṣáà mú un bí ẹ ṣe máa mú ẹni tiyín." Onídèérí funfun ló kan ọmọ náà.

Lọ́sàn-án ni wọ́n sáré ti bàbá àgbàlagbà kan wọlé, ètè rẹ̀ ti dúdú. Dókítà bojú wò ó. "Yéè! Bàbá mi!" ló ké. Bàbá tó bí i lọ́mọ ni! Dókítà kejì tí ì bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ sì wà lẹ́nu iṣẹ́ abẹ.

Nọ́ọ̀sì àgbà ya páálí òkè. "Funfun ni."

"Ẹ gbé e tì. Ẹ fún mi ní pupa."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká má ṣà á?"

"Mo ní kẹ́ ẹ fún mi ní pupa!"

Kí ló mọ̀ nípa pupa? Kò mọ nǹkan kan. Ó ti gbọ́ pé funfun máa ń tán ara lókun tó bá yá. Ó sì ti gbọ́ pé pupa máa ń já ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ẹ̀rù ló bá a yàn án.

Oorun gbé bàbá lọ, rọ́bà wọlé, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò wọ́ọ́rọ́wọ́. Dókítà mí kanlẹ̀, ó yíjú padà. Áà, aṣọ lásán ni wọ́n fi pààlà bẹ́ẹ̀dì méjèèjì! Ìyá ọmọ náà ló dúró yẹn, ó di etí aṣọ mú.

"Ẹ kú ewu bàbá, Dókítà. Ṣé èyí tẹ́ ẹ fún wọn náà lẹ fún ọmọ mi?"

Ojú ti Dókítà débi tí kò mọ ibi tó máa fọwọ́ sí. Ó fẹ́ sọ pé àwọn méjèèjì ló dára, àmọ́ ó gbójú sílẹ̀.

"Rárá, Màmá."

Ìyá náà wo oògùn onídèérí funfun tí wọ́n gbé tì. Ó padà sídìí ọmọ rẹ̀, ó sì fa aṣọ náà pa.