Ọ̀rọ̀ Wà, Ìtumọ̀ Ńkọ́?

“Gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá fi ìró *gl* bẹ̀rẹ̀, Bàbá,” ni dókítà wí. “Ẹ ṣáà máa dárúkọ wọn lọ.”

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí irun fi funfun lórí rẹ̀, ṣé ìyẹn ni wàhálà? “*Glue, glare, gloom, glitter, glove…*” Ó ń dà wọ́n sílẹ̀ bí ẹní da àgbàdo. Ìyàwó rẹ̀, tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn lẹ́yìn dókítà, mí kanlẹ̀. Tíṣà lòun náà kó tó fẹ̀yìn tì.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó wá ku ìtumọ̀. Kí ni *glue*?”

Tíṣà la ẹnu, ó tún pa á dé. Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó. Bí dókítà yìí bá fi lè sọ pé ọpọlọ ọkọ òun ti ń gbàgbé nǹkan, ó parí, kò ní wọ kíláàsì mọ́, bẹ́ẹ̀ kíláàsì ló kù tó ń mú inú rẹ̀ dùn. Kò tiẹ̀ mọ ìgbà tó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, tó ń fà wọ́n bíi pé wọn ò fẹ́ já kúrò lára ara wọn.

“Ohun tí a fi ń lẹ nǹkan pọ̀!” ni Tíṣà pariwo.

“*Glare*?”

Ìyàwó ranjú mọ́ ọn. Kò ni ín lára rárá, ojú tó ti ń ran mọ́ ọn láti ọjọ́ pípẹ́ ni.

“Kéèyàn máa woni bíi pé kó gbéni mì.”

Dókítà bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó kan *glitter*, ìyàwó mi orí kí yẹtí rẹ̀ lè tàn.

“Kí nǹkan máa dán yinrinyinrin.”

“Bàbá, kò sí nǹkan tó ṣe yín. Ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ lè máa wa mọ́tò yín náà.”

“Ẹ ṣé o! Ọmọ-ọmọ mi ò jẹ́ kí n gbádùn. Ó ní èmi ni kí n máa gbé òun lọ síléèwé.”

Ẹ̀rín kú lójú ìyàwó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ náà pè é lórí fóònù látinú mọ́tò tí Tíṣà ń wà, láàárín oríta, tẹkúntẹkún, tí mọ́tò ń fọn fèrè lọ́tùn-ún lósì. “Màmá àgbà, Bàbá ń bi mí pé kí ni iná pupa yẹn túmọ̀ sí.” Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sọ fún ìyá ọmọ pàápàá.

Ó dìde. “Dókítà, ẹ dúró ná. Èmi ni mò ń júwe ìdáhùn fún wọn lẹ́yìn yín.”

Ojú Tíṣà le. “Kí ni mo ṣe fún ọ tí o fẹ́ fi dójú tì mí?”

Ìyàwó lọ jókòó tì í, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

“Bàbá,” dókítà rọra wí, “kí ni *glove*?”

Tíṣà wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó ń dúró. Ojú náà ò sọ nǹkan kan.

“Ràn mí lọ́wọ́ jàre,” ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

“Ohun tí mò ń ṣe nìyí,” ni ìyàwó wí. Ó ń sunkún, àmọ́ kò tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.