Nọ́ńbà Tó Ń Lọ Sílẹ̀

"Ẹsẹ̀ yìí tún ti tutù," ni nọ́ọ̀sì wí. Ó tẹ ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ọkùnrin tó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, ó dúró kí àwọ̀ rẹ̀ padà. Kò tètè padà.

Ìyàwó ọkùnrin náà jókòó ti bẹ́ẹ̀dì. Oorun ti bá a ṣọ̀tá láti ọjọ́ tí àìsàn ọkàn ti gbé ọkọ rẹ̀ ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù wọn. Ọkàn ọkùnrin náà ò lágbára àtiti ẹ̀jẹ̀ mọ́, ni wọ́n bá gba inú iṣan itan rẹ̀ ti pọ́ǹpù tín-ínrín kan bọ ọkàn náà, kó máa bá a ṣiṣẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ pọ́ǹpù yẹn, ọ̀rọ̀ ì bá ti di ẹkún.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ dúró ti ẹ̀rọ tó ń darí pọ́ǹpù náà bí ọlọ́dẹ ẹnu géètì. Akọ̀wé ni ìyàwó ń pè é, torí kò sóhun tí kò mọ̀. Ó ti fúnra rẹ̀ wádìí pé bí nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ bá ṣe ga tó ni pọ́ǹpù ṣe ń ṣiṣẹ́ tó; torí náà, lójú tirẹ̀, nọ́ńbà yẹn gan-an ni ẹ̀mí ẹ̀gbọ́n òun. Lánàá tí dókítà dín in kù, ariwo tó pa kò kéré, ìyàwó náà sì bá a sunkún. Wọ́n dá nọ́ńbà náà padà sókè.

Dókítà wọlé, obìnrin ni, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Mà, ẹ jẹ́ n má parọ́ fún yín. Ọ̀nà tí pọ́ǹpù gbà wọlé ni ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ yẹn ń gbà, pọ́ǹpù sì ti dí i. Bó bá pẹ́ sí i, ẹsẹ̀ á bàjẹ́. A fẹ́ dín in kù díẹ̀díẹ̀, ká wò ó bóyá ọkàn wọn lè dá a ṣe, ká lè yọ ọ́."

"Bí kò bá lè dá a ṣe ńkọ́?" ni ìyàwó bi í.

"A ó tún gbé e sókè kíá. Ṣùgbọ́n mi ò lè ṣèlérí."

"Ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan nǹkan yìí," ni Akọ̀wé wí. "Ìyàwó wa, bá wọn sọ̀rọ̀."

Ó ti rẹ ìyàwó náà dé egungun. "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbẹ̀. Ọmọ tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, ká mọ̀ bóyá ó lè rìn."

"Bó bá ṣubú ńkọ́? Kí la fẹ́ sọ nílé?"

"Ẹ ní èmi ni mo ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀."

Akọ̀wé wò ó títí, ó sì yẹ̀.

Dókítà gbé ìka obìnrin náà lé ọrùn-ọwọ́ ọkọ rẹ̀. "Pọ́ǹpù kì í lù, ṣe ló kàn ń da ẹ̀jẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ ọkàn ló ń ṣiṣẹ́, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára níbí."

Nọ́ọ̀sì tẹ bọ́tìnnì. Nọ́ńbà lọ sílẹ̀. Obìnrin náà ò mọ nǹkan kan lára. Nọ́ńbà tún lọ sílẹ̀. Ẹ̀rù bà á débi pé ó fẹ́ ké sí Akọ̀wé. Ìgbà náà ni nǹkan kan kàn án níka, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ará ilé. Nǹkan náà dúró díẹ̀. Ó tún kàn án.

"Mà?" ni dókítà bi í.

Kò gbójú sókè. "Ẹ tún dín in kù."