Baba Kòdáa Nìkan Ló Kù Nínú Yàrá

Òfin kan wà nínú ẹgbẹ́ àwa tá à ń wo fíìmù nílùú wa, tá a sì ń kọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú wọn. Lọ́jọ́ tí a bá ń yan fíìmù tó dára jù lọ́dún, ẹni tí ẹbí rẹ̀ bá lọ́wọ́ nínú ọ̀kan gbọ́dọ̀ bọ́ síta. Àwọn tó bá kù nínú yàrá ni yóò yàn án. Òfin tó dáa ni, àmọ́ ẹni tó ṣe é gbàgbé pé mọ̀lẹ́bí ara wa ni gbogbo wa.

Lọ́dún yìí, fíìmù méjì ló kù, àbúrò mi obìnrin ló sì darí ọ̀kan. Ó fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀ torí ẹ̀. Ó ti ṣèlérí fún màmá wa pé bí òun ò bá gba ẹ̀bùn yìí, òun á padà.

Mo dìde kí wọ́n tó lé mi. Alága tẹ̀ lé mi: ọmọ rẹ̀ ló gbé kámẹ́rà fún àbúrò mi. Akọ̀wé náà dìde: ọkọ rẹ̀ ló ṣe òkú inú fíìmù náà, gbogbo wa la sì rí i tó ń mí. Ọ̀rọ̀ wá di bó ò lọ o yà. Ká tó mọ̀, gbogbo wa ti wà lọ́ọ̀dẹ̀, ó wá ku Baba Kòdáa nìkan.

Bàbá yìí ò yin fíìmù rí láyé ẹ̀. Bí gbogbo ayé bá ní òjò ń rọ̀, á ní ìrì lásán ni. Mo ní ó ti bùṣe.

Nígbà tó yá, ó ṣílẹ̀kùn, ojú ń tì í.

“Mo wá ẹni tí mo máa bá jiyàn, mi ò rí,” ló wí. “Ìgbà tí kò sẹ́ni tó ń yìn ín sí mi létí, mo rí i pé fíìmù ọmọbìnrin yẹn dáa. Òun ni mo mú.”

La bá hó yèè! Akọ̀wé dì mọ́ alága. Ni Baba Kòdáa bá fajú ro.

“Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ràn ẹ̀ tó? Ẹ jẹ́ n tún un rò. Ìparí ẹ̀ yẹn…”

Kò tíì fọwọ́ sí ìwé èsì. Mo sáré dí i lọ́nà.

“Ẹ má dá wọn lóhùn, Baba. Fíìmù burúkú gbáà ni. Àbúrò mi ni, mo mọ̀ ọ́n, kò mọ nǹkan kan.”

Baba gbaná jẹ. “Ìwọ ọmọ yìí, kí lo mọ̀ nípa fíìmù? Irú ẹ̀gbọ́n wo nìyí?” Ó gbé ìwé lé ògiri, ó fi ìbínú fọwọ́ sí i.

Àbúrò mi pè mí nírọ̀lẹ́, ó ń sunkún ayọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé o. Mo mọ̀ pé ẹ máa yìn mí níwájú wọn.”

“Yìn ọ́ kẹ̀? Èébú ni mo fi gbà á fún ẹ. Lọ sọ fún màmá wa pé o ò padà sí báńkì mọ́.”