Ohun Tí Awakọ̀ Kò Rí Lójú Ọ̀nà

Ẹ sún mọ́bí, kí n sọ̀rọ̀ aránṣọ kan tó mọ ọkọ tọ́jú fún yín. Awakọ̀ akérò ni ọkọ rẹ̀, ojú ọkùnrin náà sì ti ń fọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Aránṣọ tẹ́ àwòrán ọ̀nà sórí tábìlì, ó fi ṣọ́ọ̀kì ìránṣọ sàmì síbi tí wọ́n máa dúró wòran.

Ọkọ rẹ́rìn-ín. "Ibi tí mò ń kọjá lójoojúmọ́?"

"Ṣé ẹ ti rí i rí?"

"Títì ni mò ń wò."

"Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá. Mo ti lọ kọ́ ọkọ̀ wíwà."

Níbi tí omi ti ń dà látorí àpáta, funfun báláú, ọkọ yọrí lójú fèrèsé, ó pariwo: "Mo rí i, ìyá àwọn ọmọ!"

Ọmọ wọn obìnrin tó jókòó lẹ́yìn ló sọ ọ́ fún mi.