Òwú Pupa Lára Ṣúṣáàgì

Ìrìn ìtàn yìí kò jìnnà, láti orí ibùsùn dé ìdí fíríìjì ni. Ṣùgbọ́n ó rẹ àwọn tó rìn ín.

Tuba ló wà lórí ibùsùn, ẹ̀gbọ́n Nosrat, òun ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Gilan ló ti wá, níbi tí òjò kì í ti í sinmi, nígbà tí òrùlé koríko ìrẹsì ilé wọn wó lulẹ̀ lẹ́yìn ìkórè. Nosrat ti lo ọdún mẹ́rìnlélógójì nílé ọkọ ní Yazd, ìlú aṣálẹ̀, iyanrìn ibẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Ti Tuba kò rí bẹ́ẹ̀. Oṣù méjì péré ló lò níbẹ̀ tó fi gbẹ bí ẹja orí ààrò. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, á fi ṣíbí kàn án, á kọjú sí ògiri.

"Iyẹ̀pẹ̀ ni," ló máa ń wí. "Gbogbo oúnjẹ ìlú yín, iyẹ̀pẹ̀ ni."

Habib, ọkọ Nosrat, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ yan búrẹ́dì, kò lè gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì. "Ẹ̀gbọ́n, iyẹ̀pẹ̀ yìí náà ni àbúrò yín jẹ tó fi sanra."

"Àna mi, ó wú ni. Kò sanra."

Nosrat á rẹ́rìn-ín, á sì wọ ilé ìdáná lọ sunkún. Apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti tín-ínrín tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ fi ń yọ̀ dé ìgbọ̀nwọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Tuba bá ògiri sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bí mo bá rí iyọ̀ ewé ìyá wa, tí wọ́n fi ṣúṣáàgì lọ̀, bóyá mo lè jẹun."

Iyọ̀ ewé! Ṣe ni ẹnu Nosrat kún fún itọ́. Ó rí ìyá wọn lórí ìkúnlẹ̀, tó ń fi ọmọ ọlọ lọ ewé mọ́ iyọ̀ nínú àwo amọ̀ títí á fi tutù yọ̀yọ̀ bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́. Ó rí ara rẹ̀ àti Tuba, tí wọ́n ń ti èso kíkan bọ̀ ọ́, tí wọ́n ń fún ojú pọ̀ síra wọn. Ṣúṣáàgì yẹn, abẹ́ igi létí igbó ló ń hù, òórùn rẹ̀ sì dà bí ìgbà tí kárọ́ọ̀tì bá fẹ́ òróńbó. Kò sẹ́ni tó ń gbìn ín. Èèyàn kàn ń bẹ̀rẹ̀ já a ni.

Nosrat mú ìborùn, ó di ọjà. Ẹni tó ń ta irúgbìn wò ó láti òkè délẹ̀. "Màámá, ẹ fẹ́ gbin koríko igbó? Ẹ ra létúùsì o jàre."

Ó tẹ ọmọ mọ̀lẹ́bí wọn kan láago ní Gilan. Ọmọ náà di ewé náà sínú ọ̀rá, ó fi rán awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Nígbà tó fi máa dé, ó ti dúdú, ó ti rọ̀ bí irun tó jábọ́ sínú omi. Nosrat tún pe fóònù, ó ní kó fi irúgbìn ránṣẹ́.

"Irúgbìn kẹ̀? Ta ló ń kó irúgbìn ṣúṣáàgì, Àǹtí? Òjò ti gbọ̀n ọ́n dànù."

Ó ku aṣọ ìbàdí Tuba. Aṣọ aláràbarà tí àwọn obìnrin ilé wọn fi ń di ìdí sínú oko ìrẹsì ni, Tuba kì í jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́. Orí rẹ̀ ló ń sùn. "Bí o bá fọ̀ ọ́, ilé wa tó kù lo fọ̀ dànù yẹn." Ṣùgbọ́n ó da tíì sí i lára lọ́jọ́ kan, Nosrat sì rọra yọ ọ́ lábẹ́ orí rẹ̀. Ó ń gbọ̀n ọ́n lágbàlá nígbà tí nǹkan gún un ní àtàǹpàkò.

Orí òdòdó gbígbẹ ni, ẹlẹ́gùn-ún, ó há sínú òwú aṣọ náà. Nosrat gbé e sí imú: kárọ́ọ̀tì àti òróńbó. Ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́.

Ọjọ́ náà ló gbin ìdajì irúgbìn inú rẹ̀. Ó gbé ìkòkò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà, ó fi ìborùn bò ó lálẹ́ bí ọmọ tuntun, ó sì ń kọrin oko ìyá wọn fún un:

*Òjò, rọ̀ sí i, má dá,*
*Ẹsẹ̀ mi tutù, àyà mi gbóná,*
*Ta ló ń gbè mí lódìkejì odò?*

Ogún ọjọ́, kò sí nǹkan kan. Ní ọjọ́ kọkànlélógún, Tuba yí ojú kúrò lára ògiri.

"Nosrat, ẹyin lo fẹ́ pa ni? Ṣúṣáàgì ìyá wa rí hítà rí? Yìnyín ní í jókòó lé e lórí. Inú á bí i, á wá jáde."

"Ẹ̀gbọ́n mi, níbo ni mo ti fẹ́ rí yìnyín ní Yazd?"

"Kí wá ni àpótí funfun tó ń kùn mọ́ ògiri yẹn ń ṣe?"

Ó sì dìde. Oṣù mẹ́ta rẹ̀ nìyẹn nínú ilé náà, kò tíì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ilé ìdáná. Ó po irúgbìn tó kù mọ́ iyanrìn, ó fi àkísà tútù dì í, ó kì í sínú abọ́, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ wàrà.

Ní àràárọ̀, á di ògiri mú lọ wò ó bóyá àkísà ti gbẹ. Habib ṣí abọ́ náà lọ́jọ́ kan, ó rò pé oúnjẹ ni.

"Ìyá Farzad," ó fi orúkọ ọmọ wọn pe Nosrat, "iyanrìn lẹ kó sí fíríìjì. Ṣé ti ìta ò tó ni?"

"Àna, ẹ má jẹ ẹ́," Tuba dáhùn láti ẹ̀yìn rẹ̀. "Ọmọ ló ń sùn níbẹ̀."

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí fíríìjì, ọwọ́ rẹ̀ kì í padà lófìfo. Lónìí Tuba á mú èso ólífì kan, lọ́la wàrà díẹ̀. Nosrat ń yọjú wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Ó kàn sún ẹyin sísè mọ́ abọ́ iyanrìn náà.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọdún tuntun wọn, tó máa ń bọ́ sí ìparí òtútù, dé, gbòǹgbò funfun yọrí nínú iyanrìn. Mọ́kànlá ló hù. Nígbà tí ooru bẹ̀rẹ̀, Tuba já ewé díẹ̀díẹ̀ lára mẹ́wàá, ó lọ̀ ọ́ mọ́ iyọ̀, ó fi kùkúńbà bọ̀ ọ́. Ó jẹ ẹ́ pẹ́.

"Kò dà bíi ti ìyá wa."

Nosrat gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Iyọ̀ yín ni kò dáa. Gé kùkúńbà mìíràn wá."

Lẹ́yìn náà, ó fa òwú pupa kan yọ lára aṣọ ìbàdí rẹ̀, ó so ó mọ́ ìkọkànlá, èyí tó tóbi jù. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá wọn máa ń ṣe, èyí tí wọ́n bá so òwú mọ́, ọmọ kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ti irúgbìn ni.

"Ọdún mélòó ló máa ń lò kó tó yọ òdòdó, Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Méjì. Nínú iyanrìn yín yìí, bóyá mẹ́ta. A máa dúró dè é."

Nosrat dìde. Ó wọlé lọ ṣan ìrẹsì, ó bu ti ẹni mẹ́ta, ó tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Kò mọ ìgbà tí orin bọ́ sí i lẹ́nu. Nígbà tó kọ ọ́ dé ibi odò, ẹnì kan gbè é láti àgbàlá.