Ibi Tí Ègbè Yóò Ti Wọlé

"Fọn ọ́n, ká gbọ́," Ìyá Àmúdà ní. "Ìgbà tí o bá fọn ọ́n tán la ó tó ká ẹní wa."

Badrudeen gbé fèrè rẹ̀ dání. Àwọn alfa ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ ìyá rẹ̀ tán ní àgbàlá ilé wọn ní Ìwó, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin mẹ́fà tí wọ́n máa ń gbe wákà lẹ́yìn ìyá náà, tí Ìyá Àmúdà jẹ́ àgbà wọn, kọ̀, wọn ò lọ. Àṣà ẹgbẹ́ wọn ni pé bí ẹni tó ń lé orin fún wọn bá kú, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ orin tó fẹ́ràn jù lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó yan ẹlòmíràn. Wọ́n ní ọmọ rẹ̀ ni kó lé e.

Àwọn àgbà ní ohun tó bá dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ti Badrudeen kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀, kò sunkún, kò sọ̀rọ̀, oúnjẹ ò dùn, kò sì korò lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ kú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín fún. Ó tiẹ̀ ti sọ fún Olútáyọ̀, ẹni tó ń gba orin rẹ̀ sílẹ̀ l'Ékòó, pé kó má retí òun lọ́jọ́ Jímọ̀, òun ò ní fọn fèrè mọ́. Bẹ́ẹ̀ fèrè yìí náà ló sọ ọ́ di èèyàn. Sasofóònù tó kọ́ nílé ẹ̀kọ́ àwọn onígbàgbọ́, tí àwọn ará àdúgbò fi ń bi í pé ìgbà wo ni yóò ṣe ìrìbọmi, òun ló fi sọ wákà ìyá rẹ̀ di jáàsì, tí àwọn òyìnbó ń dìde pàtẹ́wọ́ fún.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ dá wọn lóhùn," Muslimah, àbúrò rẹ̀, rọra sọ.

Ó fi fèrè sẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀. Ìka rẹ̀ mọ ọ̀nà, ọkàn rẹ̀ kò bá wọn lọ. Àwọn obìnrin náà la ẹnu láti gbè é, wọ́n pa á dé. Wọ́n tún là á, wọ́n tún pa á dé. Ìyá Àmúdà gbọ́wọ́ sókè.

"Ó tó. Ìwọ lo lé e, ìwọ náà lo gbè é. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, Bàdírù. Ibo lo ní ká gbà wọlé?"

"Ìyá, mi ò ní elégbè l'Ékòó. Bí mo ṣe ń fọn ọ́n láti ọdún méjìlá nìyẹn."

"A mọ̀. Ìyá rẹ náà mọ̀." Ìyá Àmúdà tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Bí rédíò bá ti gbé orin rẹ, á ní ká dákẹ́. Á máa fọwọ́ lu itan, á fẹ́ gbè ọ́, kò ní rí àyè. Á wá rẹ́rìn-ín, á ní, 'Ọmọ mi ń sáré. Tó bá yá, yóò dúró dè mí.'"

Badrudeen wo ilẹ̀. "Wọn ò sọ fún mi rí."

"Ta ní í sọ ọ́ fún ọmọ tí ayé ń pàtẹ́wọ́ fún?"

Ó gbé fèrè padà sẹ́nu. Ó fọn ìlà kìn-ín-ní nìkan, ó sì gbé e kúrò. Àwọn obìnrin náà fẹ́ gbè é, Ìyá Àmúdà mi orí sí wọn.

"Àyè ìyá rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi sílẹ̀ fún un."

Àgbàlá pa lọ́lọ́. Adìyẹ kan ń họ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi. Badrudeen dúró títí ègbè náà ì bá fi parí, kò gbọ́ nǹkan kan, nígbà náà ni nǹkan wá dùn ún láyà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́jọ. Ó dùn ún gan-an. Ó fọn ìlà kejì, ó tún dúró, àwọn obìnrin náà sì gbè é.

Wọn ò tíì parí tí fóònù rẹ̀ fi dún lọ́wọ́ Muslimah.

"Bọ̀ọ̀dá, Olútáyọ̀ ni. Wọ́n ní ṣé òótọ́ ni pé ẹ ò wá mọ́, káwọn wá ẹlòmíràn?"

"Sọ fún un pé mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀," Badrudeen ní. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé orin náà ti gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."